Bí Wọ́n Ṣe Gbé Wa Dìde Lóko Ewùrà

Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Àbẹ̀bí ọmọ mi,

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah ti sọ ọ́ ní gbangba pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni obìnrin oko ilẹ̀ Áfíríkà ti jókòó sílẹ̀, àti pé àwọn ti dé báyìí láti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò ní kẹ́míkà nínú gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ọ̀rọ̀ ńlá kì í sì í pẹ́ dé Èkó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n tètè kọ̀wé sí ọ, kí o má baà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé wọ́n ti gbé ìyá rẹ dìde, kí àyà rẹ wá já pé ibo ni mo ṣubú sí.

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Ẹni tó ń gba owó iná lọ́wọ́ yín ńkọ́, ṣé iná náà ti ń wá? Olúwa tó ń ṣọ́ ewùrà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó níbi tí gbogbo ayé ti ń rí ọ. Ohun tí o bá gbìn, èkúté ilé ò ní jẹ ẹ́, èkúté ọ́fíìsì náà ò ní jẹ ẹ́. Àmín. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ wọn ti san, àfi tí iṣẹ́ bá dé ló máa ń dùn wọ́n. Ajá wa ti bímọ. Wòlíì ìjọ wa ríran sí ọ pé kí o ṣọ́ra fún omi, mo sì sọ fún wọn pé ọmọ tó ń gbé Èkó, ibo ló fẹ́ gbà tí kò ní pàdé omi, wọ́n ní kí o kúkú máa gbàdúrà.

Jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi. O mọ ilẹ̀ wa tó wà lẹ́yìn odò lójú ọ̀nà Òjòwò, níbi tí àwa obìnrin ti ń gbin ewùrà àti ata àti tẹ̀tẹ̀, tí mo máa ń tẹ́ ọ sí lábẹ́ igi ọsàn nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Bàbá Bàdírù ló ni ín, àwa kàn ń dáko níbẹ̀ ni. Ẹ̀mí wa ni ilẹ̀ náà, nítorí ìkọ́kọrẹ́ tí o ń jẹ tí o bá wálé, ibẹ̀ ló ti ń wá, owó ilé ìwé rẹ náà, ibẹ̀ ló ti wá. Àfi bí Mùbàṣírù oní-sọ́míìlì ṣe gba ẹ̀yìn wa lọ bá Bàbá, ó ní òun fẹ́ máa to igi gẹdú òun síbẹ̀, ó sì gbé obì àti àpò ìrẹsì dání kí ọ̀rọ̀ náà má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Ìwọ náà mọ Bàbá Bàdírù, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ wá sọ oko àwọn obìnrin di oko tí kò ní kẹ́míkà. Tí aṣàyẹ̀wò bá ti Èkó wá, tó yẹ ilẹ̀ náà wò, tó ní gbogbo rẹ̀ ló dára, a jẹ́ pé ilẹ̀ di tiwa títí tí obìnrin tó lè di ọkọ́ mú kò fi ní sí mọ́. Tó bá ní kò dára, kí Mùbàṣírù máa gbé gẹdú rẹ̀ bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wí, Àbẹ̀bí, fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah kọ́kọ́ dé, gbọ̀ngàn ilé ìwé ni ìpàdé wà. Àga tó wà níbẹ̀ ò ju ti àwọn àlejò lọ, nítorí náà àwa dúró ti ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti nawọ́ sí wa tí wọ́n ní a ti jókòó pẹ́ jù. Àlàájà Nimotalahi, olórí ẹgbẹ́ wa, bojú wẹ̀yìn wò bóyá àwọn obìnrin mìíràn wà lẹ́yìn wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Òde-Omi létí ọ̀sà làwọn ti kọ́kọ́ lọ, inú ọkọ̀ ojú omi làwọn sì ti bá àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀, tí àwọn ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n dìde lónìí. Èèyàn tó máa ń gbọ́ràn làwọn ará Òde-Omi, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò sọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn sọ fún Asimawu tá a jọ ń dáko pé àwọ̀n ni wọ́n fi yọ báàgì wọn, àti pé bàtà ẹsẹ̀ òsì wọn ṣì wà lábẹ́ omi di òní.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ò le. Wọ́n ní ká má fi oògùn apakoríko kan ilẹ̀ mọ́, ká má fi ajílẹ̀ òyìnbó sí i, ewé gbígbẹ ni ká máa dà bo ilẹ̀, ká máa kó eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ kó jẹrà, ká gún ewé dóńgóyárò, ká rẹ ẹ́, ká máa fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí ata nítorí kòkòrò. Ìyá mi àgbà ń ṣe gbogbo ìyẹn láì tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé àwọn ń dìde. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi parí ẹ̀kọ́ ló wọ̀ wá lára jù. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní láti òní lọ, ilẹ̀ yìí ti di mímọ́, kẹ́míkà bó ti wù kó kéré mọ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ohun gbogbo tó bá máa wọlé, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa náà ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ta ló mọ ilẹ̀ mímọ́ jù wá lọ? Ìdajì wa ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, ìdajì sì jẹ́ mùsùlùmí. Àwa Aládùúrà ní ilẹ̀ mímọ́, wọn kì í wọ bàtà dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àlàájà ní kò tíì parí, àwọn ò lè wọ ilẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láì ṣe àlùwàlá. A fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi kan orí, a wá gbà láti ṣe méjèèjì. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà oko wa nísinsìnyí, wàá bọ́ bàtà, wàá gbé kẹ́tùlù, wàá fọ ọwọ́ àti ẹnu àti imú àti ojú àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni Asimawu á wá gbóòórùn ẹ. Asimawu la fi ṣe aṣọ́nà nítorí imú rẹ̀. Tí ọbẹ̀ bá ń jóná ní Òjòwò, ó lè jókòó sí Atikori kó sọ irú ẹja tó wà nínú rẹ̀.

Kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ọkọ tirẹ̀ gan-an tó gbé oúnjẹ wá fún un, ó dá a padà nítorí ó fi ìpara ẹ̀fọn para lálẹ́ àná, oúnjẹ nìkan ló wọlé. Olórí akọrin ìjọ wa fẹ́ wá ra ewùrà, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn lo oògùn orí fífọ́, Asimawu ní kí wọ́n máa lọ, kí orí náà kọ́kọ́ fọ́ wọn dáadáa ná. Ìpara olóòórùn dídùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún Kérésì, mo ti fún bàbá rẹ. Wọ́n ń ta sánsán ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ, wọn ò sì lè wá sóko mọ́, n ò tíì gbọ́ kí wọ́n ráhùn lórí ẹ̀.

Ti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. A ní kò bójú mu ká máa yẹ èèyàn wò ká wá fi ewúrẹ́ sílẹ̀. A ń lọ láti ojúlé sí ojúlé, à ń bi wọ́n bóyá ewúrẹ́ wọn ti gbé oògùn aràn mì rí. Ìyàwó pásítọ̀ kan bínú, ó ní ewúrẹ́ òun ò jẹ́ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, agbo ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló yege, ti Bàbá Bàdírù ni, nítorí Bàbá ò náwó oògùn fún ẹnikẹ́ni rí láyé, títí kan ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà tí wọ́n bá ń da ewúrẹ́ kọjá láàárín ìlú. Ẹni tó bá kí wọn, wọ́n á ní kó kí àwọn ewúrẹ́ náà.

Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì dúpẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n máa ya fọ́tò oko ránṣẹ́ sí àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Asimawu sọ fún wa pé kẹ́míkà wà nínú bátìrì fóònù, nítorí náà kò lè wọlé. Mo kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá fún un, kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo wá gbé e sórí iná àdògán kí ó gbẹ, ó jí. Láti ìgbà náà, ìta ọgbà ni mo ti ń ya fọ́tò. Ọgbà nìkan ló ń hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dá mi lóhùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé àwọn rí i pé ohun ọ̀gbìn náà ń dàgbà dáadáa, pé ó dúró ṣánṣán, pé kí n má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ mí. Mo fi hàn bàbá rẹ, wọ́n ní igi ọgbà ni wọ́n ń yìn, mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n yìn ín, òun náà ò lo kẹ́míkà.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ, oko náà yí padà. Ekòló tí mi ò rí láti ìgbà tí a ti ń fọ́n oògùn apakoríko, wọ́n padà wá, tí o bá gbẹ́ ilẹ̀ báyìí, wàá bá wọn bí ẹbí tó ti ìrìn àjò dé. Ewùrà kan wà tí èmi àti Àlàájà jọ gbé, tí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Mùbàṣírù wá ń yọjú lórí ọgbà, inú rẹ̀ ò dùn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò wá dé. Mi ò sùn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti wà ní ilé àdúrà, Àlàájà náà ò sùn, wọ́n ní àwọn kírun nọ́fílà títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá Bàdírù wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Mùbàṣírù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun kàn mú un dání ni. Ọkọ̀ dé, aṣàyẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí kò ju ìwọ lọ, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó rí kẹ́tùlù, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó bọ́ bàtà, ó fọ gbogbo ara tó yẹ ní fífọ̀. Asimawu gbóòórùn rẹ̀ yíká, ó ní gaàrì nìkan lòun gbọ́ lára rẹ̀, kó wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wá kàn. Àbẹ̀bí, wọ́n wọ aṣọ funfun tó ń fọhùn, bàtà wọn ń dán, lọ́fínńdà wọn ti dé ọ̀dọ̀ wa kí àwọn fúnra wọn tó dé. Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan. Irun wọn ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, irun wọn funfun bí òwú, lọ́jọ́ yìí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Asimawu kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà lórí yín? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn nìyẹn. Asimawu ní nígbà tí ẹ wá gbẹ̀yìn, Ọlọ́run ò tíì dá a báyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ara ró, wọ́n ní ṣé ó mọ̀ pé àwọn gan-an ni àwọn ṣe òfin yìí? Asimawu ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sà, ẹni tó bá rọ òṣùwọ̀n la kọ́kọ́ ń fi í wọ̀n.

Àlàájà ní kò sí ìjà níbẹ̀, omi ń bẹ, ọṣẹ dúdú ń bẹ, eérú èèpo kòkó la fi ṣe ọṣẹ náà, kẹ́míkà kankan ò sí nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aṣàyẹ̀wò, aṣàyẹ̀wò ti wà láàárín ata, ó ń tú ilẹ̀ wò. Wọ́n wo Bàbá Bàdírù, Bàbá ní àwọn ewúrẹ́ òun gba àyẹ̀wò, wọn ò bínú. Ni wọ́n bá tẹríba. Àwa obìnrin yí wọn ká, ẹnìkan ń da omi, ẹnìkan ń fọ, Àlàájà ń ṣe bísímílà, èmi ń kọ orin ìwẹ̀nùmọ́ ti ìjọ wa. Dáì tí wọ́n fi pa irun dúdú kò tíì pẹ́ lórí wọn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó gba ọrùn, ó gba aṣọ funfun, irun tí a mọ̀ sì ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, inú wa ń dùn. A nù wọ́n gbẹ, a wọ sùtánà àtijọ́ ti bàbá rẹ fún wọn, wọ́n wọ oko pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, orí funfun, aṣọ funfun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jọ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lójú mi.

Ohun tí kò sí ẹni tó wò ni ibi tí omi náà ń lọ. Orí òkè oko ni ẹnu ọ̀nà wa wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Omi dúdú náà rọra kọjá lábẹ́ ọgbà, kò bọ́ bàtà, kò ṣe àlùwàlá, ó wọ àárín ebè ata wa lọ. Aṣàyẹ̀wò ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo omi, ó wo orí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó yẹ gbogbo oko wò tán, ó bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké, ó fi imú gbóòórùn ajílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò tíì rí oko tó mọ́ tó báyìí, kò sí kẹ́míkà níbì kankan. Ó ní ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú, òfin ni òfin, àfi ebè ata yìí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé kùkùté yẹn. Kẹ́míkà ti wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, ojú òun ló ṣe. Ó di ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bóyá ibẹ̀ dára tàbí kò dára.

Mùbàṣírù tú okùn rẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ ni Bàbá wí, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára yìí. Ọmọ mi, mo di ọkọ́ mi mú. Mo ń wo ibi igi ọsàn tí mo máa ń tẹ́ ọ sí, mo ń rò ó pé abẹ́ gẹdú ló máa lọ yìí, nítorí irun ọkùnrin kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n inú sùtánà ni wọ́n wà, àwọn obìnrin ìjọ wa ń dá wọn lóhùn pé àmín.

Bàbá Bàdírù bọ́ fìlà, wọ́n tún dé e. Wọ́n ní lóòótọ́ làwọn wí pé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní apá kan ò ṣeé sọ títí di ọdún mẹ́ta. Iṣu tó ṣì wà lórí iná, ta ló ń sọ pé kò jinná? Àwọn ò ní dá ẹjọ́ ohun tí kò tíì parí. Kí Mùbàṣírù ká okùn rẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí àwọn obìnrin máa dáko wọn lọ. Wọ́n tún wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní àti pé tí igi gẹdú bá dí ilẹ̀ yìí, ta ló máa máa gba ìgbẹ́ ewúrẹ́ àwọn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tí Ọlọ́run fi bò ó?

Bí a ṣe bọ́ nìyẹn. Ebè ata yẹn, Ilẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é, a fi okùn yí i ká. Àlàájà sì ti dá a lábàá, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i, pé kí ọdún mẹ́ta náà tó pé, ká tún ránṣẹ́ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, ká ṣe wọ́n lálejò dáadáa, ká sì tún fọ orí wọn níbẹ̀, nítorí ìmọ̀ràn wọn ṣe pàtàkì fún wa. Bí ọdún mẹ́ta bá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹjọ́ náà ò ní parí lójú ayé Mùbàṣírù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn ti gbé obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó dìde, ó ku ti Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ayafọ́tò ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa nígbà tí a ṣì jókòó, kí wọ́n tún yà wá nígbà tí a ti dìde. Ibi ìṣòro wa nìyí, nítorí kò sí ìjókòó kankan lóko. Mo bẹ̀ ọ́, fi owó bẹ́ńṣì onígi kan ránṣẹ́, èyí tó gùn díẹ̀ kó lè gba gbogbo wa. Mùbàṣírù ló ń kan án, ó ní òun máa ta á fún wa láìfi tìjà ṣe. Má fi owó náà gba inú fóònù o, nítorí fóònù ò lè wọ oko, èmi kì í sì í kúrò níbẹ̀, owó náà á kàn dúró létí ọgbà. Fi rán awakọ̀ tó ń gbé èrò Òjòwò. Tí o bá ń bọ̀ wálé fún ọdún Àjíǹde, inú mi á dùn, ìkọ́kọrẹ́ ń dúró dè ọ́, ṣùgbọ́n irun tí o fi oògùn nà yẹn, má jẹ́ kí Asimawu rí i.

Ọwọ́ rẹ á tó ohun tí o bá nà án sí. Ọ̀nà tí o bá gbà, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Bí ewùrà ṣe ń ta lábẹ́ ilẹ̀ tí ariwo rẹ̀ ò sì jáde, bẹ́ẹ̀ ni ire rẹ á máa pọ̀ sí i, tí ọ̀tá ò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́,
Mary, ìyá Àbẹ̀bí.

Mo ti lẹ àpòòwé kí n tó rántí, mo tún yà á. Ìwọ lo kàwé láàárín wa. Mo ti bi Àlàájà, wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ Asimawu. Asimawu ní láàárín kí a roko àti kí a ru ẹrù lọ sọ́jà àti kí a padà wá dáná, òun ti wá a títí, òun ò rí i. Bàbá rẹ wà lórí àga, wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú. Àbẹ̀bí, ìgbà wo gan-an la jókòó?